"Má Bínú" Àbí "Ẹ Má Bínú"

Kò sẹ́ni tó bi Rissikatou bóyá ó fẹ́ ṣe alága ohunkóhun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kú. Wọ́n pe ìpàdé sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin Tchaourou, ìpàdé tí wọ́n ní kò ní pẹ́, tó sì gba gbogbo àárọ̀. Ganiou, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìjọba Ìyípadà fi ṣe délégué, ìyẹn olórí àdúgbò, ń sọ̀rọ̀ lọ gbọọrọ pé ìlú gbọ́dọ̀ ní Ìgbìmọ̀ Ìlàjà tirẹ̀, àti pé obìnrin ni yóò ṣe alága rẹ̀ nítorí ayé ti yí padà. Ó ní kí obìnrin tó bá fẹ́ sin ìlú dìde. Àsìkò yẹn gan-an ni Rissikatou dìde kó lè na ẹsẹ̀ rẹ̀. Kó tó rí ibi jókòó padà, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti ní ìsinmi. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ náà. Kò sí owó oṣù níbẹ̀, kò sí ọ́fíìsì, àga tí wọ́n fi ń jókòó pàápàá, tirẹ̀ ni. Ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ bá wọ oko aládùúgbò, ilé Tata Rissi, bí wọ́n ṣe ń pè é, ni. Ẹni tí wọ́n bá bú nídìí kànga, ilé Tata Rissi ni. Obìnrin kan tilẹ̀ wá fẹjọ́ sùn pé ọkọ òun ń hanrun. Rissikatou á gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀, á mí kanlẹ̀, á ní, "Bon, ẹ jókòó, ẹ máa wí." Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń wò ó ní kọ̀rọ̀ bí ìyàwó tí wọ́n pa tì.

Kì í kúkú ṣe pé kò fẹ́ràn ohun tí wọ́n dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ fún. Ìgbìmọ̀ Ìlàjà kì í ṣe ilé ẹjọ́. Wọn kì í ti èèyàn mọ́lé, wọn kì í na èèyàn. Ẹni tó ṣẹ̀ á jẹ́wọ́, á tún ohun tó bàjẹ́ ṣe débi tí agbára rẹ̀ mọ, lẹ́yìn náà á bẹ ẹni tó ṣẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bá ti ní òun gbà, ó parí nìyẹn. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Rissikatou mọ èyí, ó sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà ni wọ́n ń fi ojú rẹ̀ rí màbo.

Àwọn méjì ni. Èkíní ni Tonton Aboudou, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tó ti ń ju àsíá fún ọkọ̀ ojú irin láti ìgbà òyìnbó. Ohun gbogbo ló gbọ́dọ̀ ní ìlànà lójú Aboudou. Bí ènìyàn méjì bá ń jà níwájú rẹ̀, á kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ló fún wọn láṣẹ láti sọ̀rọ̀. Èkejì ni Bàbá Ọláyínká, àgbàlagbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní kátíkísìmù. Òwe ni tirẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kò ní òwe fún, òwe náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bá ọ̀rọ̀ náà mu.

Àwọn wọ̀nyí ni Rissikatou kó lọ́wọ́ nígbà tí iná jó ilé ìdáná Chérifatou.

Agbo ilé kan náà ni Chérifatou àti Àbẹ̀kẹ́ wà, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló sì fẹ́ wọn. Abdou, ẹ̀gbọ́n, ni ọkọ Àbẹ̀kẹ́. Ràímì, àbúrò, ni ọkọ Chérifatou. Ìgbà ọyẹ́ ni, koríko òrùlé ti gbẹ fáú. Àbẹ̀kẹ́ ń bọ iṣu tó fẹ́ sá fún èlùbọ́ lẹ́yìnkùlé, ó fi iná sílẹ̀, ó lọ kí àlejò kan tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Atẹ́gùn gbé ẹ̀ta iná lọ sórí ilé ìdáná Chérifatou. Kí wọ́n tó bomi pa á, ilé ìdáná ti lọ, gbogbo iṣu gbígbẹ tí Chérifatou tò pamọ́ sínú rẹ̀ ti di eérú, iná sì ti jó apá òsì Chérifatou láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Gbogbo ayé ní torí àpò iṣu rẹ̀ ló ṣe kó sínú iná.

Ní ayé ìgbà tí a wà, iná kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Gbogbo ìpàdé ni wọ́n ti ń kìlọ̀ pé ẹni tí iná rẹ̀ bá jó oúnjẹ, ọ̀tá ìlú ni. Ganiou rí èéfín láti ibùdókọ̀, ó sáré dé, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní kékeré. Rissikatou bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Níkẹyìn ó gbà báyìí pé: òun ń lọ sí ìpàdé ní Parakou, bí òun bá padà dé lọ́jọ́ ọjà, tí Chérifatou sì ti gba ẹ̀bẹ̀, ó parí. Bí kò bá gbà, jàńdáámù, ìyẹn ọlọ́pàá, á bá òun wá, wọ́n á sì gbé Àbẹ̀kẹ́ lọ.

Rissikatou mọ ohun tí wọ́n ń pè ní "gbé lọ". Obìnrin tó lé ní àádọ́ta ọdún, tí èémí rẹ̀ kì í délẹ̀ nígbà ọyẹ́, lórí sìmẹ́ńtì àtìmọ́lé. Ó pinnu pé kò ní ṣẹlẹ̀ lójú òun, bó ṣe wù kí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yìí sú òun tó.

Àtúnṣe náà kò tilẹ̀ le. Àbẹ̀kẹ́ jẹ́wọ́ láìjanpata. Ó kó ìdajì iṣu gbígbẹ tirẹ̀ fún Chérifatou, ó ní èyí tó kù ń bọ̀ bí iṣu tuntun bá jáde. Abdou àti Ràímì po amọ̀, wọ́n mọ ilé ìdáná tuntun, àwọn ará ilé gbé koríko wá, wọ́n kọ́ ọ parí kí ọ̀sẹ̀ tó yípo. Ó ku ẹ̀bẹ̀ nìkan, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Rissikatou ti ń wo aṣọ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìkómọ tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní ọ̀la òun á rán an tán.

Ẹ ò rí i pé ayọ̀ rẹ̀ ti yá jù?

Wọ́n jókòó sábẹ́ àtíbàbà iwájú ilé rẹ̀. Aboudou dìde, ó na ọwọ́ sókè, ó kígbe pé, "Prêt pour la Révolution!" ìyẹn ni pé a ti gbára dì fún Ìyípadà.

Gbogbo wọn dáhùn pé ìjà ń tẹ̀síwájú, "La lutte continue!" Àfi Àbẹ̀kẹ́ tó ní, "Àmín."

Bàbá Ọláyínká wúkọ́, ó kọjú sí Chérifatou. "Ọmọ mi, àwọn àgbà ní, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

Chérifatou wo apá rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ funfun wé. "Bàbá, ṣé èmi náà lọba?"

"Rárá o, mais òwe ni."

"Ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú," ni Rissikatou wí. "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ kù sí yín lọ́wọ́."

Àbẹ̀kẹ́ dìde. Obìnrin gíga ni, tó máa ń rìn bí ẹni tó ru igbá. Ó wo ilẹ̀, ó wo Aboudou, ó wo òpó àtíbàbà. Ó ní, "Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò dára. Èmi ni mo fi iná sílẹ̀. Má bínú."

Rissikatou ni Chérifatou bi, kò bi Àbẹ̀kẹ́. "Tata, ta ló ń bá wí?"

"Ìwọ kọ́? Ta ni iná jó nínú wa?" ni Rissikatou dáhùn.

"N kò gbọ́ kó bá mi wí," ni Chérifatou wí. Ó dìde, ó so ìborùn rẹ̀ le, ó lọ sílé.

Kí ó tó dé ìta, Bàbá Ọláyínká ti gbá itan. "Mo ti mọ̀! 'Má bínú' ló sọ fún un! Ó yẹ kó ní 'Ẹ má bínú'!"

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ kan wà nínú ohun tí bàbá náà rí. Ọjọ́ tí obìnrin bá wọlé ọkọ ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ nínú ilé náà, wọn kì í wo iye ọdún tó ti lò láyé. Chérifatou kò tíì ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé ọkọ tipẹ́ kí Abdou tó lọ fẹ́ Àbẹ̀kẹ́, opó, láti Goro. Nítorí náà Chérifatou ni ìyálé, Àbẹ̀kẹ́ tó tó ìyá bí i ni ìyàwó, ìyàwó ló sì ń sọ "ẹ" fún ìyálé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá sọ fún obìnrin tó ti ní ewú lórí pé kó máa sọ "ẹ" fún ọmọdé? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un láti ìgbà tó ti dé, ilé sì tòrò bẹ́ẹ̀.

Aboudou ní irọ́ ni. Ó ní Ìyípadà ti pa "ẹ" rẹ́, camarade ni gbogbo wa, "ìwọ" ni gbogbo wa, nítorí náà "Má bínú" tí Àbẹ̀kẹ́ sọ bá ìlànà mu, ẹ̀bẹ̀ ti wáyé, kí alága kéde pé ọ̀rọ̀ parí. Ọláyínká ní ìjọba tó bá lè pa "ẹ" rẹ́ kó kọ́kọ́ pa orúnkún rẹ́, nítorí orúnkún ló ń kúnlẹ̀. Aboudou ní kí wọ́n dìbò. Wọ́n dìbò. Ó di ẹnì kan sí ẹnì kan. Àwọn méjèèjì wá kọjú sí Rissikatou pé kó dá sí i.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí," ni Rissikatou wí, "ilé jó. Ọwọ́ èèyàn jó. Jàńdáámù ń bọ̀. Ẹ̀ ń dìbò lórí 'ẹ'?"

"Tonton ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀," ni Ọláyínká wí.

Rissikatou gba ilé Ràímì lọ lójú ẹsẹ̀. Ràímì fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni, kó lọ bi ẹ̀gbọ́n òun. Ó gba ọ̀dọ̀ Abdou lọ. Abdou ní bó bá di ọ̀rọ̀ ìyàwó Ràímì, Ràímì ló ni ín. Ó tilẹ̀ bi ìyá àgbà kan nínú ilé náà. Ìyá sọ ìtàn bí wọ́n ṣe ń kí ìyálé láyé ọjọ́un títí oòrùn fi wọ̀, kò sì dáhùn ìbéèrè. Nígbà tí Rissikatou máa fi dé ilé, inú ń bí i débi pé ó gun abẹ́rẹ́ mọ́ àtàǹpàkò ara rẹ̀.

Ibi tó ti ń fa àtàǹpàkò náà lẹ́nu ló wà nígbà tí ọgbọ́n dé. "Ẹ"! Ṣebí ọ̀rọ̀ àgbà nìkan kọ́ ni "ẹ". Bí èèyàn bá ti pé méjì, "ẹ" ni, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́ méjì. Bí Ràímì bá jókòó ti ìyàwó rẹ̀, tí Àbẹ̀kẹ́ sì kọjú sí àwọn méjèèjì pé "Ẹ má bínú", Chérifatou á gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún. Àbẹ̀kẹ́ náà á mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé Ràímì tó jẹ́ ọmọ ilé ọkọ lòun ń bá wí, pé òun kò tẹ́. Aboudou á ní èèyàn méjì ni wọ́n, Ọláyínká á ní àṣà ló borí. Kálukú á mú èyí tó wù ú lọ sílé. Rissikatou rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Ó lọ bá Àbẹ̀kẹ́, ó là á yé e. Àbẹ̀kẹ́ gbọ́, ó mi orí pé òun gbà. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Rissikatou rò pé ìtìjú ni.

Ọjọ́ ọjà pé. Ọkọ̀ jàńdáámù dúró sí iwájú ilé, jàńdáámù kan fẹ̀yìn ti ìdí rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ganiou wọ abẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú aṣọ tí kò tíì gbọn eruku Parakou kúrò.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá," ló kọ́kọ́ wí fún Ọláyínká, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kó tó rántí ara rẹ̀. Nígbà tí Aboudou ròyìn ohun tó dá ẹ̀bẹ̀ dúró fún un, ó na ìka sókè. "Ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni 'ẹ'! Àwọn olówó àti àwọn ọba ló fi ń tẹ àwọn mẹ̀kúnnù mọ́lẹ̀! Ṣé ẹ gbọ́ mi, Bàbá?"

"Mo gbọ́ 'ẹ' lẹ́nu ẹ," ni Bàbá Ọláyínká wí.

Rissikatou ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jókòó. Ó fi Ràímì àti Chérifatou sórí bẹ́ǹṣì kan. Àwọn ará ilé ti yí àtíbàbà ká. Ó ń gbọ́ bí jàńdáámù náà ṣe ń fọ́ ẹ̀pà. Ó ṣẹ́jú sí Àbẹ̀kẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ dìde. Ó wo àárín bẹ́ǹṣì náà, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. "Ẹ má bínú," ló wí.

Ẹnu Ọláyínká là. Aboudou mi orí pé ó bófin mu. Ganiou ti ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Rissikatou fẹ́ sọ pé ó parí.

"Bàbá Moufou," ni Chérifatou wí fún ọkọ rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀."

Ràímì dìde láìmọ ohun tó ń dìde fún. Chérifatou sún sí àárín bẹ́ǹṣì náà gan-an, ibi tí Àbẹ̀kẹ́ ń wò. "Ó ku èmi nìkan báyìí. Ta ló ń bá wí?"

Gbogbo ilé dàrú. Aboudou ń kígbe pé kò sẹ́ni tó fún un láyè láti yí ìjókòó padà. Ọláyínká ń pòwe, òwe náà ń já sójú ọ̀nà. Ganiou ní ó tó gẹ́ẹ́, obìnrin yìí kò fẹ́ ìlàjà, kí jàńdáámù máa bọ̀. Abdou fò dìde, ó di aṣọ ìyàwó rẹ̀ mú. Jàńdáámù gbọn èèpo ẹ̀pà nù lára, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀.

Nígbà náà ni nǹkan já nínú Rissikatou. Ó gbá tábìlì débi pé sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ fò bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ dákẹ́! Gbogbo yín! Tonton Aboudou, ẹ jókòó! Bàbá, òwe ti tó! Ganiou, ìwọ náà, jókòó! Èmi ni alága, ẹ̀yin lẹ fi mí jẹ ẹ́, n kò bẹ̀ yín! Jàńdáámù, ẹ dúró níbẹ̀ yẹn, abẹ́ àtíbàbà mi nìyí!" Jàńdáámù dúró. Rissikatou yíjú sí Chérifatou, inú ṣì ń bí i. "Chérifatou, o ti jẹ́ kí ẹjẹ̀ mi ru. 'Má bínú', o ò gbà. 'Ẹ má bínú', o ò gbà. Kí lo fẹ́ gan-an?"

Chérifatou kọjú sí i.

"Tata," ló wí, "láti ọjọ́ tí iná ti kú, òní lẹ bi mí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Rissikatou lára, nítorí òótọ́ ni. Ó ti bi ọkọ, ó ti bi ẹ̀gbọ́n ọkọ, ó ti bi ìyá àgbà. Ẹni tí iná jó kò sí lára àwọn tó bi.

"Ta ló gbọ́ pé mo bèèrè 'ẹ'?" ni Chérifatou wí. "Ẹ̀yin lẹ fi sí mi lẹ́nu. Mo bi pé ta ló ń bá wí, torí kò wojú mi, kò sì pè mí. Kò pè mí rí. Ìyá yìí ló pọ̀n mí dàgbà ní Goro."

Abdou pàápàá wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Àgbàlá kan náà ni òun àti ìyá mi wà. Kò tíì bímọ nígbà náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sùn sí títí mo fi mọ̀ ọ́n rìn. Nígbà tí wọ́n ní Bùọ̀dá Abdou ń gbé ìyàwó bọ̀, tí mo rí i pé òun ni, inú mi dùn débi pé mo sunkún. Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Láti ọjọ́ náà, kò sọ 'ẹ' fún mi, kò sọ 'ìwọ'. 'Ẹni tó wà nínú yẹn', 'àwọn ará ibẹ̀ yẹn', bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí. Mo ní kò burú. Lọ́jọ́ iná, ara mi kò yá, mo sùn sílé ìdáná. Ẹ ní torí àpò iṣu ni mo ṣe jóná. Irọ́ ni. Èéfín ló jí mi. Ó ti sáré padà dé, mo rí i lẹ́nu ọ̀nà, òun náà rí mi. Ó la ẹnu, ó ní 'Ẹ...', ó pa á dé. Ó tún là á, ó ní 'Já...', ó tún pa á dé. Òrùlé ń jó lórí mi, ó ń wá ohun tó máa pè mí!" Ó na apá tí wọ́n wé sókè. "Èéfín bo ojú mi, n kò mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà wà mọ́. Ká ní ó ké sí mi ni, ǹ bá ti tọ ohùn rẹ̀ jáde. Bàbá Moufou ló wó ògiri ẹ̀yìn tó fà mí jáde. Ṣé iṣu gbígbẹ ni mo wá ń bínú sí?"

Ganiou, tó ti sọ̀rọ̀ ńlá lórí "ẹ" tẹ́lẹ̀, ń wo bàtà rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ já aṣọ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ọkọ. Ó rìn dé iwájú bẹ́ǹṣì náà, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, àgbàlagbà obìnrin, lójú ọmọ ilé, lójú jàńdáámù. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gbé ojú sókè.

"Àṣàkẹ́," ló wí.

Kò sí ẹni tó mọ orúkọ yẹn nílé ọkọ Chérifatou. Ràímì pàápàá kò gbọ́ ọ rí.

"Àṣàkẹ́. Orúkọ yìí ló wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ iná. Òun ni mo gbé mì. Ọjọ́ tí mo wọlé yìí, mo rí i pé ọmọ tí mo pọ̀n ni màá máa sọ 'ẹ' fún, ojú tì mí. Bí mo bá sì ní 'ìwọ', wọ́n á ní ìyàwó tuntun kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo ní kí n kúkú máa ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́. Ó ti mọ́ mi lára débi pé iná ń jó ọ, mo ṣì ń gbé orúkọ rẹ mì. Àṣàkẹ́, ọmọ ẹ̀yìn mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́. Ìyẹn ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún."

Ẹkún gbọ̀n Chérifatou. Ó fi ọwọ́ tí kò jóná bo ojú rẹ̀. Ẹ̀rù ba Rissikatou pé kò ní gbà síbẹ̀síbẹ̀. Bó bá kọ̀, Rissikatou ì bá tilẹ̀ má bá a wí.

"Ọwọ́ mi ṣì ń ta mí," ni Chérifatou wí níkẹyìn. "Inú mi kò tíì rọ̀. N kò mọ ìgbà tó máa rọ̀. Mais mo gbà. Kí ẹnikẹ́ni má mú wọn lọ ibì kankan." Ó na ọwọ́ sílẹ̀. "Ẹ dìde, Màmá. Ilẹ̀ tutù."

Àbẹ̀kẹ́ kò lè dìde. Chérifatou ló sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì tó jókòó tì í nínú eruku, àwọn méjèèjì sì ń sunkún láìbìkítà fún ìgbìmọ̀ kankan. Ganiou wúkọ́, ó ṣẹ́wọ́ sí jàńdáámù pé kó padà sídìí ọkọ̀. Rissikatou mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀ nílẹ̀.

Tonton Aboudou na ọwọ́ sókè.

"Kí ló tún kù, Tonton?"

"Alága, kò tíì yé mi. Kí ìgbìmọ̀ lè mọ̀ bó bá tún ṣẹlẹ̀. Nígbẹ̀yìn, 'ẹ' ló sọ àbí 'ìwọ'?"

Rissikatou wò ó. Ó wo àwọn obìnrin méjì tó wà nílẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ìgbe tó fẹ́ ké kò jáde mọ́.

"Ó pè é lórúkọ, Tonton," ló wí. "Ó pè é lórúkọ."